Mi Ò Gé Ṣòkòtò Yẹn Tóbi

Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ìjà ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, kó sọ fún un pé aṣọ tó rán tóbi jù. Ẹ lè sọ pé ó lágídí, ẹ lè sọ pé ọbẹ̀ rẹ̀ níyọ̀ jù, ẹ tiẹ̀ lè sọ pé ohùn rẹ̀ kò dára lórin, yóò kàn rẹ́rìn-ín ni. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹnu kan ínṣì rẹ̀. Télọ̀ ni. Téèpù kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ó gbé e kọ́rùn lọ sí ìpàdé àwọn òbí níléèwé ọmọ rẹ̀ rí, kò sì mọ̀ títí tó fi padà délé. Ìyá Onínṣì ni àwọn oníbàárà ń pè é. Ó mọ̀, ó sì ń dùn mọ́ ọn nínú.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, abẹ́ fèrèsé yẹn ló gbé ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ rẹ̀ sí, kí ìmọ́lẹ̀ lè máa bọ́ sójú abẹ́rẹ́. Lára ògiri ni ìwé gbọọrọ kan ti ń fi okùn rọ̀, inú rẹ̀ sì ni ìwọ̀n gbogbo àdúgbò wà. Obìnrin kan tí ìbàdí rẹ̀ ti fẹ̀ sí i wá bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó gé aṣọ òun ní nọ́ńbà ti ọdún tó kọjá. Ó ní, "Kò burú, mà. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà yẹn ni ẹ máa wọ̀ jáde o, torí aṣọ kò ní wọlé." Obìnrin náà bínú lọ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ó padà wá, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní, "Ó yá, wọ̀n mí."

Kí n tó lọ jìnnà, nǹkan kan wà tí mo gbọ́dọ̀ là yé yín. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbé e níyàwó. Òun ti lé lógún ọdún dáadáa. Ṣùgbọ́n torí pé ó bá mi nínú ilé, "ẹ̀yin" ló ń pè mí láti ọjọ́ kìíní. "Ọkọ mi kékeré, ẹ káàárọ̀, ṣé ẹ ti jẹun?" Èmi tí ikun imú mi ń ṣàn, màá na ìka sí i, màá ní, "Ìyàwó, o ò tíì fún mi lóúnjẹ o." Ọdún méjìlélógún ni mo fi ń sọ "o" fún un, tó ń sọ "ẹ" fún mi, kò sì sẹ́ni tó bi mí pé kí ló dé. Ẹ̀tọ́ mi ni. Kí n má parọ́, mo gbádùn ẹ̀tọ́ náà gan-an ni.

Ẹ̀gbọ́n mi ní tirẹ̀, bíríkìlà ni. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń gbé búlọ́ọ̀kù gun àkàbà, itan rẹ̀ sì le ki. Kò sí ṣòkòtò tí wọ́n rán tà lọ́jà tó gba itan yẹn. Ìdí nìyẹn tó fi wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ní ọ̀sán ọjọ́ kan pé kí wọ́n rán ṣòkòtò kan fún òun, ó sì jẹ́ pé ìyàwó ló bá jáde níbẹ̀. Ínṣì mẹ́rìnlélógún ni ọmọge télọ̀ náà kọ síwájú "itan" nínú ìwé rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Láti ìgbà náà, òun ló rán gbogbo ṣòkòtò tí ẹ̀gbọ́n mi wọ̀, nọ́ńbà yẹn kò sì yí padà rí.

Lọ́dún tó kọjá ni èémí ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Ó kọ́kọ́ ní ekuru sìmẹ́ńtì ni. Nígbà tó yá, kò lè gun àtẹ̀gùn ilé ara rẹ̀ láìdúró lẹ́ẹ̀mẹta. Lọ́jọ́ kan ó dákú síbi iṣẹ́, wọ́n sì gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù. Dókítà ní àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké kan wà nínú ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, pé ọ̀kan nínú tirẹ̀ ti le gbagidi, kò ṣí tán mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi tí kò rí èémí mí dáadáa ní, "Ilẹ̀kùn? Èmi ò mọ iṣẹ́ káfíńtà o." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú wa.

Wọ́n ní àwọn máa ṣí àyà rẹ̀, àwọn máa pààrọ̀ ilẹ̀kùn náà. Ṣùgbọ́n omi ti kún ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ti dé ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi oògùn fa omi yẹn, kó sì dúró kí iṣẹ́ abẹ kàn án. Dókítà wá sọ gbólóhùn kan kó tó jáde. Ó ní, "Fún ìsinsìnyí, kó sinmi."

Sinmi! Ẹ wo irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi lé ìdílé wa lọ́wọ́! Èmi ni mo gba ọ̀rọ̀ náà mú. Akọ̀wé ni mí níléeṣẹ́ ìtẹ̀wé kan, mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo sì ń jókòó tì í láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ìgbà tí ìyàwó bá ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tó sì wá gbà á lọ́wọ́ mi. Mo sọ ara mi di ọ̀gá ìsinmi. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá na ọwọ́ sí ife omi, mo ti gbé e sí i lẹ́nu. Bó bá fẹ́ jókòó, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o!" Bó bá sún ẹsẹ̀ sétí bẹ́ẹ̀dì, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ fẹ́? Ẹ jẹ́ n bá yín mú un." Àwọn tó wá kí i náà ń bá mi gbè é: pẹ̀lẹ́ lọ́tùn-ún, pẹ̀lẹ́ lósì. Ọ̀rọ̀ tó dùn ni pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbọ́ ọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kò sí bí kò ṣe ní gbà pé nǹkan ńlá ló ń ṣe òun. Lọ́jọ́ karùn-ún, ẹ̀gbọ́n mi kò na ọwọ́ sí ife mọ́.

Bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin gan-an, nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi pé omi ti ń fà, pé dókítà ní kó máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó máa jókòó sórí àga jẹun. Mo mi orí, mo ní ẹ ṣé. Kò wọ̀ mí létí. Wọ́n rán ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí wa, físíò ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó mú aláìsàn dìde kó sì mú un rìn. Mo pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Mo ní, "Ó ń sinmi." Ó padà wá lọ́jọ́ kejì. Ojú ẹ̀gbọ́n mi là sílẹ̀ kedere lọ́jọ́ náà, àmọ́ mo fi ara mi dí ọ̀nà. Mo tún ní, "Ó ń sinmi." Ọmọkùnrin náà wo ojú mi, ó rí i pé mo lè fa ìjà, ó yí padà.

Ọjọ́ kejìlá ni àṣírí tú. Ìyàwó ti rán ṣòkòtò méjì aláwọ̀ búlúù, òwú rírọ̀, pé kí ọkọ òun yéé wọ ti ọsibítù tó ń yún un lára. Inú ìwé rẹ̀ ló ti wo ìwọ̀n, kò wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Kí ló fẹ́ wọ̀n? Nọ́ńbà tó mọ̀ lórí. A wọ ọ̀kan fún un, a gbé e jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Ìbàdí dára, gígùn dára. Ṣùgbọ́n níbi itan, aṣọ náà ń fẹ́ lẹ́lẹ́.

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìyàwó, kí lo rán wá yìí? Ṣé àgọ́ ni? O ti ń gbàgbé iṣẹ́ rẹ o!"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mi ò gé ṣòkòtò yẹn tóbi."

Ó fa téèpù kúrò lọ́rùn, ó kúnlẹ̀, ó wọn itan ọ̀tún. Ó wọn tòsì. Ó padà sí tọ̀tún. Ó ní, "Méjìlélógún. Ínṣì méjì ti lọ."

Mo ní, "Omi ni jàre. Ṣebí omi ni wọ́n ń fà?"

Ó ní, "Ọrùn ẹsẹ̀ ni omi wà, ọkọ mi kékeré, ó sì ti lọ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ fọwọ́ kan ibí yìí. Ẹran ló lọ."

Mi ò fọwọ́ kàn án. Mo ní mi ò sí fún àríyànjiyàn. Ó dìde, ó jáde, nígbà tó sì máa padà, físíò tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ló ń tẹ̀ lé e bọ̀. Ọmọkùnrin náà fọwọ́ tẹ itan ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní kó ti ẹsẹ̀ mọ́ ọwọ́ òun, ẹsẹ̀ náà kò lágbára. Ó ní, "Ẹran tí èèyàn fi ń dìde nìyí. Tí a kò bá lò ó, ara kì í tọ́jú rẹ̀. Ọjọ́ mélòó kan péré lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ nìyẹn. Ti àgbàlagbà yára, ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn tún yára jù bẹ́ẹ̀ lọ." Ó yíjú sí ìyàwó, ó ní, "Mo wá lẹ́ẹ̀mejì, mà. Wọ́n ní wọ́n ń sinmi."

Kò wò mí. Ìyàwó ló wò mí. Kò bú mi, kò pòṣé, ó kàn wò mí ni. Ojú tì mí débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ tí mo ti ká tẹ́lẹ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, dókítà oníṣẹ́ abẹ dé. Obìnrin kúkúrú kan ni, kì í sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé àga onígi kan síwájú ẹ̀gbọ́n mi, ó ní, "Ẹ ká ọwọ́ mọ́ àyà. Ẹ dìde, kí ẹ jókòó, ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ẹ má fọwọ́ di nǹkan kan mú." Ẹ̀gbọ́n mi dìde lẹ́ẹ̀kan. Ó dìde lẹ́ẹ̀kejì, orúnkún rẹ̀ ń gbọ̀n. Lẹ́ẹ̀kẹta, ìdí rẹ̀ kàn gbé díẹ̀ kúrò lórí àga, ó sì padà jókòó gbì. Ẹni tó ń gbé búlọ́ọ̀kù méjì lẹ́ẹ̀kan náà gun òkè ilé! Ó ń wo itan ara rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Dókítà ní, "Mo lè pààrọ̀ ilẹ̀kùn ọkàn yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè dìde kí n tó ṣí i láyà, bí mo bá ṣí i tán, orí bẹ́ẹ̀dì ni yóò kù sí. Mo fún yín lọ́jọ́ mẹ́rìnlá. Màá padà wá pẹ̀lú àga yìí. Bí ẹ bá ṣe é pé márùn-ún, a ó ṣiṣẹ́. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, ẹlòmíì ló máa gba àyè yín. Mi ò sì rò pé ilẹ̀kùn yẹn ní sùúrù púpọ̀ mọ́."

Nígbà tó lọ tán, mo mú ṣòkòtò búlúù náà, mo ní kí ìyàwó gbé e lọ sílé kó dín in kù, kó má baà máa fi ẹ̀gbọ́n mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbọ̀n ọ́n, ó ká a dáadáa, ó fi kọ́ ìṣó tó wà lára ògiri níwájú bẹ́ẹ̀dì, níbi tí ojú ẹ̀gbọ́n mi máa ti kọ́kọ́ rí i bó bá jí.

Ó ní, "Mi ò ní dín in. Itan ló máa wá bá a."

Lọ́jọ́ kejì mo pẹ́ díẹ̀ kí n tó dé. Kí ni mo máa rí? Ẹ̀gbọ́n mi dúró lórí ilẹ̀ láàárín bẹ́ẹ̀dì àti fèrèsé, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, ìyàwó sì dúró níwájú rẹ̀ tòun ti téèpù, kò dì í mú! Ẹ̀jẹ̀ mi gbóná. Mi ò mọ ìgbà tí mo pariwo. Mo ní, "Ìyàwó! Ṣé o fẹ́ pa á ni? Irú ìkà wo nìyí? Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn!" Nọ́ọ̀sì kan yọ orí wò wá.

Ìyàwó kò yíjú. Ó ní, "Ẹ jókòó, baálé mi, mo fẹ́ wọn ìdí." Ẹ̀gbọ́n mi jókòó. Ìyàwó fa téèpù láti ìbàdí dé orí àga, ó kọ ọ́ sílẹ̀. "Ó yá, ẹ dìde, mo fẹ́ wọn gígùn." Ẹ̀gbọ́n mi mí hẹlẹ, ó ti ara rẹ̀ sókè, ó dìde. Ìyàwó fa téèpù láti ìbàdí dé ọrùn ẹsẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀. "Ẹ jókòó, mo fẹ́ tún ti ìdí wò."

Ìgbà yẹn ni mo tó rí físíò lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ ìkélé. Ìka rẹ̀ méjì wà lọ́rùn ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ó ń ka ìlù ọkàn, ó sì ń mi orí. Ó ti sọ fún ìyàwó pé díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni, pé bí èémí bá gé tàbí òòyì bá kọ́ ọ, kó jókòó kíá. Ohun tó ń wá ni pé kí aláìsàn máa jókòó, kó máa dìde. Iṣẹ́ télọ̀ nìyẹn gan-an! Orí ìjókòó ni wọ́n ti ń wọn ìdí ṣòkòtò, orí ìdúró ni wọ́n ti ń wọn gígùn. Ẹ̀gbọ́n mi tí kò ní gbà kí ọmọdé kan máa pàṣẹ fún òun pé dìde, jókòó, kò lè kọ̀ fún télọ̀ tó fẹ́ wọ̀n ọ́n. Ọdún méjìlélógún ló ti ń gbọ́ ọ.

Ìyàwó wá bá mi, ó fi téèpù náà lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ọkọ mi kékeré, ẹ má bínú. Ẹ̀yin náà ẹ wọ̀n ọ́n." Mo kúnlẹ̀, mo fi téèpù yí itan ẹ̀gbọ́n mi ká. Ìka mi wọ inú ẹran náà bí ìgbà tí èèyàn bá tẹ ìrọ̀rí. Itan tó ń gbé mi ṣeré nígbà tí mo wà lọ́mọdé nìyí. Èmi ni mo fi pẹ̀lẹ́ jẹ ẹ́ tán. Mo sunkún níbẹ̀, mi ò bo ojú.

Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ bà mí lórí. Ó ní, "Dìde jàre. Bó o bá ń sunkún, nọ́ńbà á dàrú mọ́ ọ lọ́wọ́."

Láti ọjọ́ yẹn ni ìyàwó ti ṣòfin. Ó ní òun ò fẹ́ gbọ́ pẹ̀lẹ́ mọ́ nídìí bẹ́ẹ̀dì yìí. Mo bi í pé kí la máa wá máa kí i? Ó ní, "Ṣé iṣẹ́ kọ́ ni wọ́n ń ṣe ni? Ẹni tó ń ṣiṣẹ́, báwo la ṣe ń kí i?" Ó lọ bá àwọn nọ́ọ̀sì, ó bá obìnrin tó ń nu ilẹ̀, ó bá bàbá arúgbó orí bẹ́ẹ̀dì kejì, ó bẹ̀ wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń ti ara rẹ̀ dìde tó ń lọ́ ojú pọ̀, obìnrin tó ń nu ilẹ̀ gbé igi ìnulẹ̀ sókè, ó ké pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, bíríkìlà!" Ẹ̀gbọ́n mi dúró ṣinṣin. Mo rí i tí àgbọ̀n rẹ̀ gbéra. Ó dáhùn pẹ̀lú ohùn tó fi máa ń dáhùn lórí àkàbà, ó ní, "Òo! Ẹ ṣé o!"

Inú mi dùn débi pé mo jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ rẹ́rìn-ín.

Wíwọ̀n wá di wíwọ̀n. Ìyàwó wọn ohun tí télọ̀ kan kì í wọ̀n. Ó wọn láti orúnkún dé àtàǹpàkò. Ó wọn ọ̀tún tán, á ní òun gbàgbé tòsì, ẹ dìde. Ẹ̀gbọ́n mi á ní, "Obìnrin yìí, ṣòkòtò mélòó lo fẹ́ rán fún mi?" Á ní, "Ẹsẹ̀ mélòó lẹ ní?" Orí àga ló ti ń jẹun báyìí. Ẹyin àti ẹja ni nọ́ọ̀sì ní ká máa fún un, ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ ẹ́, èmi á di ọwọ́ méjèèjì mú sẹ́yìn kí n má baà gba ṣíbí. Lọ́jọ́ kẹsàn-án nínú mẹ́rìnlá náà, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, níbi tí mo ti lé físíò padà.

Ṣùgbọ́n téèpù kò gbéra. Ọjọ́ keje, méjìlélógún. Ọjọ́ kẹwàá, méjìlélógún. Mo fa ìyàwó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní, "Fi ààbọ̀ kún un fún un, kó lè mú un lọ́kàn le." Irú ojú tó fi wo obìnrin oníbàdí fífẹ̀ yẹn ló fi wò mí. Ó kọ méjìlélógún sílẹ̀. Físíò ní ká má fòyà, pé agbára ló máa ń kọ́kọ́ padà, ẹran ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ọjọ́ kẹrìnlá pé. Dókítà kúkúrú náà dé pẹ̀lú àga rẹ̀. Ìyàwó dúró sẹ́yìn, téèpù lọ́rùn, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di orí téèpù náà mú. Ẹ̀gbọ́n mi wo ṣòkòtò lára ìṣó, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Ọ̀kan. Méjì. Ẹ̀ẹ̀kẹta tó dè é mọ́lẹ̀ lọ́jọ́sí, ó gbà á kọjá. Mẹ́rin. Nígbà tó jókòó lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó mí gùlegùle. Ó tún gbéra, ó dé ìlàjì, ó sì dúró síbẹ̀. Kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀. Itan rẹ̀ ń gbọ̀n nínú ṣòkòtò ọsibítù.

Pẹ̀lẹ́ ti dé orí ahọ́n mi. Mo fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́, yóò jókòó, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ bí mo ṣe mọ orúkọ ara mi. Mo gbé e mì. Mo la ẹnu, mo fi gbogbo agbára mi sọ ọ́: "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi!"

Ó rẹ́rìn-ín. Láàárín ìnira yẹn, ó rẹ́rìn-ín. Ó sì dìde, ó na tán, ó dúró gbọnrangandan. Ó ní, "Òo."

Dókítà kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Ó ní, "Ọjọ́bọ̀." Kó tó jáde, ó béèrè ẹni tó kọ́ ọ. Físíò nawọ́ sí ìyàwó. Dókítà wo téèpù ọrùn rẹ̀, ó ní, "Kí niṣẹ́ yín, mà?" Kí ìyàwó tó dáhùn, èmi ti dáhùn. Mo ní, "Télọ̀ ni! Ìyàwó wa ni!" Orí mi wú, àyà mi yọ síta, wọ́n á rò pé èmi ni mo dìde lẹ́ẹ̀marùn-ún.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà ní Ọjọ́bọ̀. Ó gba gbogbo ọ̀sán lọ́wọ́ wọn, ó sì bọ́ sí i. Lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì méjì wá pé àwọn fẹ́ gbé e sórí àga. Pẹ̀lú àyà tí wọ́n rán bí aṣọ, ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa, ó ní, "Ẹ má gbé mi. Ẹ kàn dúró tì mí." Ó fi itan rẹ̀ dìde.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù ìyàwó lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo jókòó sórí àpótí, mo ń jẹ gúgúrú. Ẹ̀gbọ́n mi wọlé. Ó ti padà síbi iṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń gbé búlọ́ọ̀kù ló ń pàṣẹ fún báyìí. Ó ti gun àtẹ̀gùn ilé láìdúró. Ó yọ ṣòkòtò búlúù náà lára ìṣó, torí ìyàwó ti tún gbé e kọ́ ìṣó ní ṣọ́ọ̀bù láti ọjọ́ tí wọ́n ti ọsibítù dé, ó gbé e lọ sẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó wọ̀ ọ́, ó sì jáde. Ìyàwó bẹ̀rẹ̀, ó fi téèpù yí itan rẹ̀ ká.

"Mẹ́tàlélógún ààbọ̀," ó ní.

"Kọ mẹ́rìnlélógún," ẹ̀gbọ́n mi ní. "Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi." Ó kọ mẹ́tàlélógún ààbọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi pòṣé, ó rẹ́rìn-ín, ó bọ́ síta lọ kí àwọn tó ń kọjá ní òpópónà, kí wọ́n lè rí ṣòkòtò rẹ̀. Aṣọ náà kò fẹ́ lẹ́lẹ́ mọ́. Ó jókòó lára rẹ̀ bó ṣe yẹ kí aṣọ jókòó.

Ìyàwó wo ọkọ rẹ̀ lójú fèrèsé títí. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi. Láti ọjọ́ kejìlá yẹn, kò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ tí mo sọ, kò fi gún mi lára lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní, "Ọkọ mi kékeré, ṣé mo gé e tóbi?"

Mo dìde lórí àpótí. Gúgúrú dà sílẹ̀. Mo ní, "Rárá o. Ẹ ò gé e tóbi."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ìwé. "Kí lẹ wí?"

"Mo ní ẹ ò gé e tóbi. Ẹ kú iṣẹ́."

Ẹ̀gbọ́n mi yọ orí láti ìta. Ó ní, "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀? Ṣé oníbàárà dé ni?"

Mo ní, "Kò sí oníbàárà kankan. Ìyàwó yín ni."